Ẹ̀gẹ́ Tó Pọ́n Kí Oró Rẹ̀ Tó Kú

Ẹ̀gẹ́ tí Fadérera gbìn sínú ilé dígí pọ́n ròkíròkí, gbogbo Ìlú Òṣùpá sì tú jáde wá wò ó. Ta ni ò ní wá? Omi yìnyín tí wọ́n ń ṣọ́ mu lókè ọ̀hún, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ kí oró inú rẹ̀ lè jáde. Àwọn ọmọdé ń kígbe òùngbẹ, ẹ̀gẹ́ ń mu omi!

Ohun tí Fadérera ṣe rè é. Ó kọ àṣẹ méjì sórí okùn-ìran ẹ̀gẹ́ náà, okùn tó ń sọ bí ẹ̀gẹ́ á ṣe rí: ọ̀kan ń kun ún ní àwọ̀ tó ń ṣe ojú lóore, èkejì ń pa oró. Ó wá fi agéra sáàárín wọn, ègé kékeré tó rí lára kòkòrò àrùn kan. Bí alágbẹ̀dẹ tíntìntín inú ẹ̀gẹ́ bá ń ka okùn náà lọ, tó dé ibi agéra, iṣẹ́ àkọ́kọ́ á já bọ́ fúnra rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ èkejì. Okùn kan, iṣẹ́ méjì. Ọgbọ́n ńlá ni, àbí mo purọ́?

Apa-oró, àṣẹ tó ń pa oró, ló kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣáájú. Bàbá rẹ̀, Olóyè Lánihùn, àgbà ìlú, ló kọ̀ jálẹ̀.

"Ìròyìn ò tó àfojúbà," ni bàbá wí. "Àwọ̀ ni kó ṣáájú, kó pọ́n dáadáa, kí gbogbo wa rí i."

"Bàbá, èyí tó bá wà lẹ́yìn kì í lágbára tó ti iwájú."

"Ṣebí orí okùn kan náà ni wọ́n wà? Bí ọ̀kan bá ṣiṣẹ́, èkejì á ṣiṣẹ́."

Fadérera mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó fẹ́ kí ìlú gba iṣẹ́ òun. Ló bá gbà. Ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo tó kọ́kọ́ yẹ̀ wò kò ní oró, ló bá ní iṣẹ́ ti parí, kò yẹ àwọn yòókù wò.

Àṣà ibẹ̀ ni pé àgbà ní í kọ́kọ́ jẹ irè tuntun, òun nìkan, títí Ilé Ayé, tí wọ́n ń wò lókè bí àwa ti ń wo òṣùpá, á fi kún, tí á tún kéré. Bàbá ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ́ lálẹ́, láìrẹ ẹ́. "Ọmọ mi mà gbọ́n o!" ló ń wí kiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ dìde lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n kọ̀. "Fadérera, ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́."

Fadérera sáré yẹ àwọn ẹ̀gẹ́ tó kù wò. Yéè! Oró kún inú wọn. Àwọn alágbẹ̀dẹ ń kun àwọ̀ tán, bí wọ́n bá dé ibi agéra, púpọ̀ nínú wọn ń já okùn sílẹ̀, wọn kì í dé ìdí apa-oró.

Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. "Èmi ni mo ṣe yín léṣe. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́."

"Ta ló tún jẹ ẹ́?"

"Kò sí, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan."

"A dúpẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé ẹsẹ̀ yìí á san?"

Fadérera mi orí. Oró ẹ̀gẹ́ kì í dá ẹsẹ̀ padà.

Bàbá fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ títí. "Ó dáa. Lọ yí okùn yẹn padà, kí apa-oró ṣáájú, kí o tún un gbìn. Bó bá ta, gbé e wá fún mi. Èmi náà ṣì ni àgbà ìlú. Ẹsẹ̀ ló lọ, ẹnu ò lọ."

Fadérera bú sẹ́kún, kò lè dìde nílẹ̀.