Oòrùn Tó Pẹ́ Kó Tó Wọ̀

Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní èdè Faransé ní ilé-ìwé wa ní Ẹdẹ, wọ́n ń pè é tẹ̀lé mi, ẹnì kan sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn fèrèsé.

Mo jáde sí i. Ọkùnrin gíga kan ni, ó di ìwé èsì ìdánwò Azeemah, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa, mú.

"Ẹ má bínú, tíṣà," ó ní. "Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹni ń ka Bíbélì lẹ ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́ báyẹn lọ́jà Abidjan, gbogbo ọjà á dìde dúró fún àdúrà."

"Ẹ̀yin ẹ wá sọ ọ́, ká gbọ́."

Ó sọ ọ́. N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ojú tì mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ́ni ní èdè tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń fi í ra ata.

Akóredé lorúkọ rẹ̀. Agboolé Mùsùlùmí àtijọ́ kan ní Ẹdẹ ni agboolé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Abidjan ni wọ́n bí òun sí, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ta aṣọ, bí ọ̀pọ̀ èèyàn agbègbè wa ti ń ṣe níbẹ̀ láti ayé àwọn bàbá wa àgbà. Ó mọ Faransé sọ, kò mọ̀ ọ́n kọ. Èmi mọ̀ ọ́n kọ, n kò mọ̀ ọ́n sọ. Ìgbà tó fi máa padà sí Abidjan ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, a ti fẹ́ràn ara wa, ó sì ti ń pè mí ní Tíṣà mi.

Mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bá Dádì, pé ó fẹ́ fẹ́ mi. Tíṣà jọ́gíráfì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Tíṣà Jacob ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Láti ìgbà tí Mọ́mì ti kú, àwa méjèèjì la jọ ń jẹun, àtíláàsì wọn àtijọ́, ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé, sì máa ń wà ní igun tábìlì bí ẹnì kẹta wa.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ti ń ṣe díákónì ni wọ́n máa sọ.

"Pẹ̀lúmi," wọ́n ní, "ti ẹ̀sìn, a lè jókòó sọ ọ́. Pásítọ̀ á bínú, á sì sinmi. Ọ̀nà yẹn ni n kò lè bá jà." Wọ́n ṣí àtíláàsì, wọ́n fi ìka wọ̀n ọ́n láti Ẹdẹ dé Abidjan. "Bí mo bá ṣàìsàn láàárọ̀, ìgbà wo lo máa dé?"

"Dádì, ẹ ò ní ṣàìsàn."

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè."

Wọ́n pa ìwé náà dé jẹ́ẹ́jẹ́. "Rárá ni, ọmọ mi."

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2024, ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní Abidjan. Akóredé pè mí.

"Máa bọ̀, Tíṣà mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ọjọ́ tí Nàìjíríà bá ń gbá bọ́ọ̀lù, a ó wo bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń sinmi, màá mú ọ lọ wo àwọn ìlú etí òkun."

Olórí ilé-ìwé fún mi láyè pé kí n lọ tún ahọ́n mi ṣe. Dádì ni mo purọ́ fún. Mo ní Badagry ni mo ń lọ, pé wọ́n fẹ́ dá àwa olùkọ́ Faransé lẹ́kọ̀ọ́. Etí òkun náà ṣá ni Badagry. Mo rò pé irọ́ tó sún mọ́ òtítọ́ tó báyẹn ò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Inú Dádì dùn. Wọ́n ti fi àtíláàsì kọ́ àìmọye ọmọ nípa òkun, àwọn fúnra wọn ò fojú rí i rí. Wọ́n ti ṣèlérí fún Mọ́mì pé àwọn méjèèjì á lọ wò ó, ikú ò jẹ́.

"Máa pè mí láti etí omi," wọ́n ní. "Sọ bó ṣe rí fún mi."

Ilé ìyá Akóredé ni mo dé sí. Màmá gbé abọ́ atíéké ńlá, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe bíi gàrí, àti ẹja díndín ka iwájú mi. "Jẹun, ìyàwó mi. Bóyá Ẹdẹ ń fi omi nìkan bọ́ yín ni, n ò mọ̀."

Ọjọ́ kejì tí a na Cameroon ni a lọ sí Bassam. Àwọn ilé tí àwọn òyìnbó Faransé kọ́ sílẹ̀ ń wó lọ níbẹ̀, igi sì ti hù nínú pálọ̀ wọn. A jókòó sórí iyanrìn. Akóredé bọ́ bàtà, ṣùgbọ́n kò kọjá ibi tí omi ti kan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀rù omi ń bà ọ́ ni?"

"Mo ń bọ̀wọ̀ fún un ni. Àgbà ni."

Mo fi wákàtí kan kún aago mi, torí tiwọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Nàìjíríà, mo sì pe Dádì.

"Báwo ni òkun?" wọ́n ní.

"Ó ń pariwo, Dádì. Kì í sinmi. Bíi kí ẹnì kan máa gbọn aṣọ ńlá. Oòrùn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ báyìí, gbogbo omi ti pọ́n."

"Báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."

"Ó dáa," wọ́n ní. "Bá mi wò ó títí yóò fi wọ̀ tán."

Lẹ́yìn tí a na Angola, a lọ sí Jacqueville. A gba orí afárá gígùn kan kọjá ọ̀sà, igi àgbọn sì wà níbi gbogbo. Mo tún pe Dádì, mo ròyìn afárá náà.

"Hẹn-ẹn," wọ́n ní. "Badagry ti ní irú afárá bẹ́ẹ̀?" Kí n tó rí nǹkan sọ, wọ́n ní, "Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń tọ́jú rẹ?"

Mo wo Akóredé. Ó ń fi àdá la àgbọn fún mi, ó ti da ìdajì omi rẹ̀ sára.

"A pọ̀ níbí, Dádì. Wọ́n ń tọ́jú mi."

"Ìyẹn náà ni mo fẹ́ gbọ́."

Ìlú kan ló kù, Assinie. A fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn àṣekágbá. Mo pinnu pé etí omi ibẹ̀ ni màá ti sọ òtítọ́ fún Dádì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a fi pẹnáritì borí South Africa, Àǹtí Deborah, àbúrò Dádì, pè mí.

"Àyà ń dun bàbá ẹ. Ọsibítù la wà. Badagry ò jìnnà, wọkọ̀ báyìí, wàá ti dé kílẹ̀ tó ṣú."

Àwọn èrò bọ́ọ̀lù ti gba gbogbo àyè inú ọkọ̀ òfuurufú. Ọkọ̀ ilẹ̀ ló kù. Akóredé bá mi wọ̀ ọ́. Mo ní àṣekágbá ńkọ́, ó ní, "Wọn ò ní kí èmi gbá a."

Ẹnubodè mẹ́rin la kọjá. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n ń sọ̀ wá kalẹ̀, wọ́n ń yẹ ìwé wa wò. Àǹtí ń pè ṣáá. "Ibo lo dé?" Mo ń sọ pé mo ti ń bọ̀. Òkun wà lápá ọ̀tún wa fún ọ̀pọ̀ nínú ìrìn náà, n kò wò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ní ẹnubodè Togo, Àǹtí ò pè mọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la dé Ẹdẹ. Àǹtí Deborah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wú.

"Ọjọ́ mẹ́ta, Pẹ̀lúmi," ó ní. "Láti Badagry. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ń wò títí ẹ̀mí fi bọ́." Ó rí Akóredé tó gbé báàgì mi dání. "Ta nìyí?"

"Èrò ọkọ̀ ni," ni mo wí. "Ó bá mi gbé ẹrù ni."

Akóredé wò mí. Ó gbé báàgì náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ó dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà. Ọlọ́run á kẹ́ wọn." Ó sì lọ.

Ọjọ́ kejì, wọ́n na Nàìjíríà nínú àṣekágbá. Gbogbo àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Èmi rò pé nítorí Dádì ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú mo kọ̀wé sí Akóredé lórí fóònù. Mo ní kó má pè mí mọ́, pé ìfẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n bá bàbá mi láyé. Èsì rẹ̀ ò gùn. "Mo gbọ́, Tíṣà mi."

Ó di ìparí oṣù kẹta kí èmi àti Àǹtí tó lè di ẹrù Dádì. A ń ká ṣẹ́ẹ̀tì wọn nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Nǹkan kan wà lọ́kàn mi. Nígbà tí mo ń bínú pé o ò tètè dé, wọ́n ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé ọ̀nà rẹ jìn. Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, Badagry ni, kì í ṣe Mẹ́kà.' Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn."

Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Mo lọ síbi tábìlì, mo ṣí àtíláàsì.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Dádì fi ọsàn àti tọ́ọ̀ṣì kọ́ mi pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ni oòrùn fi ń rin digirí kan. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pé: "Ẹdẹ, oòrùn wọ̀, 6:50. Ọ̀dọ̀ Pẹ̀lúmi, 7:22, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀." Lábẹ́ rẹ̀, 32 ni wọ́n fi 4 pín, ó jẹ́ 8. Wọ́n ti ka digirí mẹ́jọ láti Ẹdẹ lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì fa róbótó yí Bassam ká. Ní Jacqueville, wọ́n kọ "afárá, àgbọn".

Mo rántí fi wákàtí kan kún aago mi. Oòrùn ni n kò rántí, pé ní Badagry ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn.

Nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ sójú pátákó, wọ́n kọ ọ́ pé: "Bí àwọn méjèèjì bá dé, kí n bi ọmọkùnrin náà: ṣé ó mọ omi í wẹ̀?"

Mo sunkún títí Àǹtí fi wá jókòó tì mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bínú. Ó kàn ń fi ọwọ́ nu ẹ̀yìn ìwé náà.

"Èrò ọkọ̀ yẹn," ó ní nígbà tó yá. "Pè é."

Mo bọ́ síta. Ilẹ̀ ti ṣú ní Ẹdẹ. Ó pẹ́ kí Akóredé tó gbé e, ariwo omi sì wà lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Akóredé," mo ní, "ṣé o mọ omi í wẹ̀?"

"Kí ló dé tí o fi ń béèrè?"

"Dádì ló ní kí n bi ọ́."

Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, oòrùn ò tíì wọ̀ tán.

"Sọ fún wọn pé n kò mọ̀ ọ́n," ó ní. "Sọ fún wọn, Tíṣà mi, pé màá kọ́ ọ."