Ẹsẹ̀ Tó Kúrú Kí Wọ́n Tó Wọ̀ Ọ́

Orí àpótí ni ọmọdébìnrin kan jókòó sí, káfíńtà ń fi téèpù wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹyọ kan ló kù. Jàǹbá ọkọ̀ ti gba èkejì. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà yìí ń gbẹ́ ẹsẹ̀ igi fún lọ́fẹ̀ẹ́, ni gbogbo àdúgbò bá sọ ọ́ ní Agbẹ́sẹ̀. Owó tí àwọn aláàánú ń dá sínú ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà ló fi ń ra igi, awọ àti bẹ́líìtì.

"Bàbá, ṣé màá lè fò?"

"Wàá fò títí ìyá ẹ á fi máa pè ẹ́ ní tata."

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n Agbẹ́sẹ̀ wọlé. Ipò káńsílọ̀ ló ń dù.

"Àbúrò mi, owó pósítà ti tán. Bá mi yọ díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́. Mo tún fẹ́ fi ọkọ̀ ẹgbẹ́ yín kó èrò lọ síbi ìpolongo."

"Ẹ̀gbọ́n mi, owó ẹsẹ̀ àwọn èèyàn mà ni."

"Bí mo bá wọlé, ṣé kì í ṣe àwọn náà ni màá ṣiṣẹ́ fún? Àbí o fẹ́ kí ayé fi mí ṣẹ̀sín?"

Ẹni yìí ló sanwó tí Agbẹ́sẹ̀ fi kọ́ṣẹ́. Ojú tì í láti kọ̀. Ó yọ owó, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé e lọ́wọ́.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan tó máa ń dáwó fún ẹgbẹ́ fi rí fọ́tò olùdíje lára ọkọ̀ náà, ló bá fẹjọ́ sùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹgbẹ́ aláàánú dé, ó yẹ ìwé wò, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn, tí Agbẹ́sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ tán, ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan péré jáde."

"Bàbá, àánú yín ṣe mí, àmọ́ ohun ìní ẹgbẹ́ ni, ìwádìí ò tíì parí. Ohun tí aráàlú torí rẹ̀ dáwó nìkan lòfin ní kẹ́ ẹ fi ṣe. Ẹgbẹ́ aláàánú ò gbọdọ̀ náwó fún olùdíje, kò gbọdọ̀ yá a lọ́kọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ẹ ò bá fún un látinú àpò tara yín, níwọ̀n tí òfin gbà, kó kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún àjọ ìdìbò. Ta ni ì bá mú yín?"

Oṣù mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ò wọlé ìbò, kò sì yọjú mọ́. Agbẹ́sẹ̀ nu eruku ara ẹsẹ̀ náà, ó gbé e lọ bá ọmọ.

Ọmọ wọ̀ ọ́, ó dìde, ara rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹsẹ̀ igi ti fi ìka mẹ́ta kúrú.

"Bàbá, ṣé mo ti dàgbà jù ni?"

"Rárá o, ọmọ mi. Èmi ni mo pẹ́."

Kò sí igi tó máa fi gbẹ́ òmíràn. Àwọn aláàánú ti kówó wọn lọ síbòmíì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń darí ẹgbẹ́ aláàánú, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dáwó ni kẹ́ ẹ fi ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá rú yín lójú, ẹ bi àwọn tí òfin fi ṣe alábòójútó kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dáwó, ẹ máa bèèrè ohun tí wọ́n ná an lé lórí. Bí olùdíje bá sì wá tọrọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá yín, ẹ sọ fún un pé owó yìí ní olówó, olówó náà sì ń dúró dè é.