Kí N Má Baà Gbàgbé Yín

Ìrọ̀rí ni aránṣọ kọ́kọ́ rí nígbà tó ti ṣọ́ọ̀bù dé lọ́sàn-án láti fún bàbá rẹ̀ lóúnjẹ. Bàbá arúgbó nà gbalaja sílẹ̀, ìrọ̀rí bò ó lójú, kámẹ́rà rẹ̀ àtijọ́ wà nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó fa ìrọ̀rí dànù, ó gbé etí lé bàbá láyà. Èémí ṣì ń lọ, ó ń bọ̀, bíi ti ẹni tó ń gun òkè. Ìgbà yẹn ló tó ráyè pariwo.

Dókítà àdúgbò sáré dé, ó ní Ọlọ́run ló yọ bàbá. Àmọ́ nígbà tí bàbá lajú, tí wọ́n bi í pé ta ló ṣe é, ńṣe ló rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta ló ṣe kí ni?"

Ó ti pẹ́ tí ìgbàgbé ti ń bá bàbá jà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá kanlẹ̀kùn, bàbá á ṣí i, á ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, á yà á ní fọ́tò. "Kí n má baà gbàgbé yín ni," ni yóò wí.

Ẹ̀rù ba ọmọ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ pa bàbá yóò tún kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, bàbá yóò sì ṣí i fún un tẹ̀ríntẹ̀rín.

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí kì í gbé ohùn sókè. Àwọn tó ti purọ́ fún un rí ní ì bá sàn kó máa pariwo. Ó yẹ ilẹ̀kùn wò, kò sẹ́ni tó já a.

"Ta ló máa ń yọjú sí bàbá?"

"Ẹni méjì péré, mà. Ayálégbé wa tó ń tún aago ṣe lókè, àti Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi."

"Kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà yìí rẹwà."

"Èmi ni mo rán an, mà. Àárọ̀ òní ni mo fi kọ́ kí n tó jáde."

Wọ́ọ́rọ́wọ́ gbé kámẹ́rà. "Bí bàbá bá ki fíìmù tuntun sí i, báwo ló ṣe máa ń dún?"

Ìbéèrè náà ya aránṣọ lẹ́nu. "Ó máa ń lọ gìrìrì fún ìgbà pípẹ́, mà, kí wọ́n tó ya ẹyọ kan."

"Má sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni." Ó pa ẹ̀yìn kámẹ́rà dé, ó ká fíìmù tán, ó yọ ọ́, ó tún fi ẹ̀yìn kámẹ́rà sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó fi fíìmù náà rán ọlọ́pàá kan sí ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́.

Aláago kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. "Òótọ́ ni pé èmi àti bàbá jà lórí ariwo àwọn aago mi. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá kí mi káàbọ̀ bí ayálégbé tuntun, wọ́n tún yà mí ní fọ́tò. Mà, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

Nígbà tí Bàbá Kékeré dé, inú bí i. "Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Kí ló pa èmi àti aláago pọ̀? Láti oṣù tó kọjá, mi ò tẹ ilé yìí." Ó wo kámẹ́rà. "Ó mà ṣe o. Ìmọ́lẹ̀ á ti jó gbogbo fọ́tò inú ẹ̀."

"Ó ṣe lóòótọ́," ni Wọ́ọ́rọ́wọ́ wí.

Bàbá Kékeré jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá rẹ́rìn-ín sí i. "Ẹ ṣeun, ọ̀gbẹ́ni. Onínúure ni yín."

"Ìwọ ọmọ yìí, ó ti rẹ̀ ẹ́," ni Bàbá Kékeré sọ fún aránṣọ. "Lọ sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Èmi á sùn ti ẹ̀gbọ́n mi."

Ọkùnrin yìí ló ń gbé aránṣọ kọ́rùn nígbà tó wà lọ́mọdé. Síbẹ̀, ó fa àga, ó jókòó ti bàbá rẹ̀. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ọlọ́pàá wọlé pẹ̀lú àpò ìwé kan. Wọ́ọ́rọ́wọ́ fa fọ́tò tó kẹ́yìn yọ. "Ta nìyí, Bàbá Kékeré?"

Bàbá Kékeré wò ó pẹ́. "Èmi ni. Ti oṣù tó kọjá nìyẹn."

Aránṣọ ti rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò náà. Ó nàka sí i. "Bàbá Kékeré, àárọ̀ òní ni mo fi kọ́tìnì yẹn kọ́."

"Ṣebí ìmọ́lẹ̀ ti jó o!"

"Èyí tí wọn ò tíì yà ló jó," ni Wọ́ọ́rọ́wọ́ dáhùn. "Bí wọ́n bá ti ki fíìmù sí kámẹ́rà yìí, á kọ́kọ́ fa gbogbo ẹ̀ jáde, ló fi ń dún pẹ́. Bí wọ́n bá wá ya ẹyọ kan, á fà á padà sínú agolo, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò lè dé. Olè lásán ì bá gbé kámẹ́rà lọ. Ẹni tó mọ̀ pé bàbá máa ń ya àlejò ló máa fẹ́ jó fíìmù. Ẹ̀yin àti aláago lẹ mọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró ti kọ́tìnì òní."

Bàbá Kékeré tú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ti ta ilé yìí. Mo rò pé kò ní mọ̀. Kò mọ orúkọ mi mọ́. Àmọ́ lónìí, mo ní kó tẹ̀ka síwèé, ó wò mí lójú, ó ní ilé òun ni, òun ò tà á."

Wọ́n mú un lọ. Bàbá tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó juwọ́. "Ẹ tún máa bọ̀ o."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ta ni ọ̀gbẹ́ni yẹn? Ó jọ àbúrò mi."

"Ó jọ ọ́ lóòótọ́, Bàbá," ni aránṣọ wí, ó sì ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ há àyà.