Ta Ni Yóò Fọwọ́ sí Ìwé Safiyyah?

Láti ìdájí ni Safiyyah ti ń rọbí. Nígbà tí oòrùn fi mú, ọmọ kò tíì wálẹ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, nọ́ọ̀sì Màsúdát sì gbé ìwé ìfọwọ́sí iṣẹ́ abẹ wá.

Hajarat, ìyá ọkọ Safiyyah, dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ dúró ná. Naeem wa tírélà lọ sí Sókótó, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Òun ló ni ìyàwó, òun ni yóò fọwọ́ sí i."

"Ìgbà wo ni yóò dé, Màmá?"

"Bóyá lọ́la."

"Ọmọ inú rẹ̀ kò lè dúró dọ̀la. Àgbàlagbà ni Safiyyah, ọpọlọ rẹ̀ pé. Ìfọwọ́sí tirẹ̀ ti tó."

Ohun tí ará ilé yóò wí ló kọ́kọ́ sọ sí Hajarat lọ́kàn. Wọ́n á ní ọmọ Gàmbàrí tí Naeem fẹ́ kò ka ọkọ sí.

"Nílé tiwa, nọ́ọ̀sì, obìnrin kì í..."

Ó wo ojú Safiyyah. Ó rántí Kamilah, àbúrò rẹ̀, tí òun náà rọbí títí tí ọmọ kò wálẹ̀. Ará ilé ní kí dókítà dúró de ọkọ rẹ̀ tó lọ sí Kánò. Ọkọ dé lọ́jọ́ kejì, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ sàréè Kamilah.

Safiyyah kérora lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ìyá, èmi tí mò ń bá onílọ́rì dúnàándúrà ọkà lọ́jà Ipata, ṣé n kò wá lè fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ara mi ni?"

Hajarat sún mọ́ ọn, ó fi apá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró. "Bisimilahi. Fọwọ́ sí i, ọmọ mi."

Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ọmọbìnrin jòjòló kan ti ń ké ní wọ́ọ̀dù, ara Safiyyah náà sì le.

Nírọ̀lẹ́ ni fóònù Naeem tó wọlé, Hajarat sì ròyìn iṣẹ́ abẹ náà fún un. "Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Ẹni tó ni ara rẹ̀ ni," Hajarat dáhùn.

Naeem fèsì pé, "Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ kò dúró dè mí."

Ẹ̀yin ará wa, ó dára kí tọkọtaya jọ gbìmọ̀ nígbà tí oyún ṣì kéré. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti tójúúbọ́, tí ọpọlọ rẹ̀ pé, ló ni àṣẹ lórí ìtọ́jú ara rẹ̀, ẹ̀yà yòówù kó ti wá. Bí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn bá ní ó di dandan kí ọkọ kọ́kọ́ dé, ẹ ní kí wọ́n pe ọ̀gá ilé ìwòsàn. Ikú kì í béèrè bóyá baálé ti ti ìrìn àjò dé.