Oorun Inú Ahéré Kassian

Òjò yìnyín ló gbé Walburga wọlé. Kassian kàn gbọ́ gbì lára ilẹ̀kùn ni, ó sì rí ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan ṣoṣo lọ́wọ́, wóró yìnyín nínú irun rẹ̀ tó pọ́n fòò.

"Ẹ má bínú," ni ó wí. "Ẹrẹ̀ ti gba ìkejì."

Ojú ti Kassian kí ó tó dá a lóhùn. Ahéré tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ ni, lórí òkè kan ní Tirol, níbi tí ó ti ń sin màlúù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì ń gba àwọn ará ìlú ńlá tó bá wá sinmi. Igi sírìmù, igi olóòórùn tó máa ń hù lókè níbi tí igi yòókù kò lè dé, ni wọ́n fi ṣe é láti ilẹ̀ dé àjà. Ẹnikẹ́ni kò kùn ún rí. Pákó rẹ̀ ti pọ́n, ó ti dúdú nítòsí ààrò, kókó igi sì kún ara rẹ̀. Kassian a máa gbé wàrà lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà nísàlẹ̀, ó sì mọ bí ògiri ibẹ̀ ṣe ń dán. Bí àlejò bá wọlé tọ̀ ọ́, kì í lè wò ó lójú.

Ó fi Walburga jókòó sórí àga gbọọrọ tó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́yìn ààrò, ó bu wàrà gbígbóná fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn màlúù kan tó ṣubú sódò. Kò tíì dé ibi tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín tí ọmọbìnrin náà fi sùn lọ fọnfọn. Kassian gbà pé ọ̀rọ̀ òun ló sú u.

Nígbà tí Walburga jí, òjò ti dá. Ó yára nu ẹnu rẹ̀.

"Ṣé mo hanrun?"

"Díẹ̀."

"Irọ́ lẹ ń pa."

"Àwọn màlúù náà gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan pákó. "Òórùn kí nìyí?"

"Igi lásán ni. Ẹ má bínú sí i."

Walburga kò bínú. Ó padà wá lọ́jọ́ ìsinmi, ó tún wá lọ́jọ́ ìsinmi kejì. Nígbà tí wọ́n fi máa gé koríko màlúù, Kassian ti ń fá irùngbọ̀n láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an létí. Ó sì ti mọ̀ pé ọmọ Alban ni, Alban tó ni òtẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀. Ìyẹn kó ẹ̀rù bá a.

"Bàbá mi ò rí oorun gidi sùn látìgbà tí màmá mi ti kú," ni Walburga wí. "Màá mú un wá jókòó síbí, bóyá á sùn bí mo ṣe sùn. Tó bá jí, kí o sọ tẹnu ẹ."

"Tẹnu mi wo?"

"Tí o ò bá mọ̀ ọ́n, èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Inú Kassian dùn dé ibi tí làákàyè kò sí mọ́. Ó sáré lọ ra fáníṣì, ó kun ògiri léraléra títí ó fi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní ojú kò ní ti òun mọ́.

Alban gun òkè pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó jókòó sẹ́yìn ààrò, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí òórùn fáníṣì. Nígbà tó fẹ́ dìde, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Walburga," ó ní, "ṣé òtẹ́ẹ̀lì mi lo mú mi gun òkè wá wò?"

Walburga wo ògiri, ó wo Kassian. Ó ṣí ẹ̀wù bàbá rẹ̀ kúrò lára pákó díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ìtìjú yìí kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Ti tẹ́lẹ̀, ohun tó bá nílẹ̀ ni. Èyí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Kassian kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wàrà tó yẹ kó gbé lọ sísàlẹ̀, ó fi ṣe wàràkàṣì. Ó wá ìfági bàbá bàbá rẹ̀ jáde, ó ń fá ògiri náà, ọwọ́ rẹ̀ sì bó.

Bó ṣe ń fá a lọ́wọ́ ni Walburga wọlé.

"Mo rò pé o ti kú ni. Bàbá mi ò rí wàrà fi mu kọfí."

"Ojú ń tì mí."

"Ó yẹ kó tì ẹ́. Mo ti sọ fún bàbá mi pé mo mọ ibi téèyàn ti lè sinmi. Èmi lo dójú tì."

"Mo fẹ́ kó jọ tiyín ni."

"Tiwa kọ́ ni mo ń sá fún, tí mo fi ń gun òkè wá síbí?"

Kassian sunkún, ìyẹ̀fun igi sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Walburga wá ìfági mìíràn, kò rí, ó mú ọ̀bẹ wàràkàṣì lórí tábìlì.

"Sún," ó ní.

Wọ́n jọ ń fá a. Níbi tí ọwọ́ wọn bá ti kan igi, òórùn náà a yọ díẹ̀. Walburga gbé imú sún mọ́ pákó.

"Ó ń bọ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ti dé tipẹ́, ọ̀dẹ̀."

Nígbà tí màlúù ti sọ̀kalẹ̀ lọ tí yìnyín sì ti bo òrùlé, Alban tún gun òkè wá. Ó fi ìka kan ògiri kó tó fẹ̀yìn tì í.

"Ṣé ó ti gbẹ?"

"Kò sí nǹkan kan lára ẹ̀ mọ́, Bàbá," ni Walburga dá a lóhùn.

Kassian ṣí fìlà, ó dìde dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí bàbá bàbá rẹ̀ tó gé igi náà, ó dé orí màlúù, ó dé orí òrùlé tí ó fẹ́ tún ṣe. Nígbà tó gbójú sókè, àgbọ̀n Alban ti wà lórí àyà rẹ̀. Ìtìjú àtijọ́ tún dé.

"Ọ̀rọ̀ mi ti sú wọn," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Walburga fọwọ́ bo ẹnu, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Kò sú wọn. Wọ́n sùn ni. Kassian, bàbá mi sùn."

Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn kò mira kí pákó ilẹ̀ má baà dún. Tíì tó wà lórí tábìlì tutù. Òòrùn kúrò lójú fèrèsé kí Alban tó lajú. Ó wo yàrá náà yíká, bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà.

"Níbo lo bá ọ̀rọ̀ dé, ọmọ mi?"

"Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ fún mi ní Walburga, Bàbá."

"Ṣé mi ò tíì fún ẹ ni? Mo rò pé mo ti dá ẹ lóhùn." Ó tún fẹ̀yìn ti pákó, ó dijú. "Ẹ lọ máa sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yín níta."

Wọ́n bọ́ sínú yìnyín, Kassian sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.