Ẹyẹ Tí Kì Í Túfọ̀

Ní ayé ìgbà tí igbó ti gba títì tán, tí oníkálukú ń fi bàlúù tirẹ̀ rìn, bàlúù kékeré kan gbéra ní Sókótó lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹyẹ-àdáni ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Oòrùn ló ń jẹ, kò ní awakọ̀, ọpọlọ rẹ̀ ló ń darí rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Àyọ̀ká, onímọ̀ tó kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ, nìkan ló jókòó sínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Òkè-Ìlá, ó ní kí ọmọ òun kan ṣoṣo tètè máa bọ̀, òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá a sọ. Ó ti pẹ́ gan-an tí tìyátọmọ ti fojú kanra.

"Ẹyẹ, bá mi béèrè ìyá mi nílé."

"Wọ́n ń sinmi, mà."

Jìnnìjìnnì bo Àyọ̀ká. Ó mọ ibi tí gbólóhùn yẹn ti wá. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹyẹ náà, Olóyè Akínlàbí, àgbà tí ìlú Òkè-Ìlá rán sí àwọn onímọ̀, fàáké kọ́rí.

"A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà," ni bàbá náà wí.

"Baba, ẹ̀rọ tó bá ń purọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́?"

"Ọmọ mi, ta ló ní kó purọ́? Bí wọ́n bá bi í léèrè ikú tàbí ìyè, kó ṣáà ní wọ́n ń sinmi. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí."

Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fi gbólóhùn náà sínú ọpọlọ ẹyẹ.

Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé odò Ọya, òjò ṣú dùdù níwájú.

"Ẹ pinnu, mà. Bí a bá la ìjì yìí kọjá, a ó délé lónìí. Ó léwu, ṣùgbọ́n mo lè ṣe é. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀, ó di àárọ̀ ọ̀la."

"Mo bẹ̀ ọ́, ṣé ìyá mi ṣì wà láyé?"

"Wọ́n ń sinmi, mà."

"Èmi ni mo kọ́ ọ! Má fọ̀rọ̀ àgbà dá mi lóhùn!"

"Wọ́n ń sinmi, mà."

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ti di odindi nínú Àyọ̀ká. Kí ló tún ń lé e? Ó ní kí ẹyẹ sọ̀ kalẹ̀, ó sì pa á lẹ́nu mọ́. Ó sunkún títí, kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé kó gbé e mì. Òjò nìkan ló ń rọ̀ lórí pápá.

Nígbà tó délé láàárọ̀, Olóyè Akínlàbí ló wá pàdé rẹ̀.

"Mo ti mọ̀, Baba. Ẹyẹ ti sọ ọ́ lánàá, ó ní wọ́n ń sinmi."

"Lánàá kẹ̀?" Bàbá náà tẹjú mọ́ ọn. "Wọ́n sinmi lóòótọ́. Oorun ọ̀sán ni wọ́n sùn. Wọ́n jí, wọ́n mu ẹ̀kọ díẹ̀, wọ́n ní ká gbé àga àwọn síta. Ohunkóhun tó bá ti dún lókè, wọ́n á ní ọmọ àwọn ti dé. Àfẹ̀mọ́júmọ́ òní ni wọ́n tó lọ."

Àyọ̀ká di apá bàbá náà mú. "Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ bá mi sọ ńkọ́?"

"A bi wọ́n, ọmọ mi. Wọ́n ní ìwọ nìkan làwọn máa sọ ọ́ fún."

Àga náà ṣì wà níta, ó kọjú sí ọ̀nà Sókótó.