Ìyàwó Tó Ń Bá Dùùrù Lọ

Bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi òjò ń kán láti etí fìlà rẹ̀, ó sì gbójú sókè, ó ń wo àwọn fèrè dùùrù bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ọ̀run fún. Báyìí ni Wiebke ṣe kọ́kọ́ rí Kaspar Rehm nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wa ní Wiekhaven. Kaspar kò rí i. Ẹ̀yìn dùùrù ni Wiebke wà, lókè lórí àwọn ẹwìrì tó ń fún un ní afẹ́fẹ́, ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì ń yọjú láti inú ihò pákó.

"Ẹlẹ́wìrì!" ni Kaspar ké. "Ṣé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó lè fún mi ní afẹ́fẹ́ díẹ̀?"

"Ẹ kọ́kọ́ wọ bàtà yín ná," ni ohùn obìnrin kan dáhùn. "Ilé Ọlọ́run lẹ wà, kì í ṣe etí odò."

"Mo bọ́ ọ kí n má baà ba ilẹ̀ yín jẹ́ ni, ìyá mi."

"Ìyá ta ni? Ẹ má jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín o!"

Kaspar rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó fa okùn agogo kékeré tí atẹdùùrù fi ń pe ẹlẹ́wìrì. Wiebke fẹsẹ̀ tẹ ẹwìrì kan mọ́lẹ̀, ó bọ́ sórí èkejì, orin sì kún gbogbo ilé náà.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó gbé Wiebke dé orí ẹwìrì. Bàbá rẹ̀, Marten Lohse, ló ń tẹ dùùrù fún wa láti ìgbà èwe rẹ̀, títí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi gan. Àṣà ìlú wa sì ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba ipò atẹdùùrù gbọ́dọ̀ fẹ́ ọmọbìnrin ẹni tó ń fi ipò náà sílẹ̀, kí ilé tó ń bá ipò náà lọ má baà bọ́ mọ́ ẹbí àgbàlagbà lọ́wọ́. Ìwà ọmọlúàbí la kà á sí. A kò bi ọmọbìnrin kankan léèrè rí.

Ọkùnrin méjì ti wá ṣáájú Kaspar. Wọ́n gbọ́ ohùn dùùrù, ojú wọn ń dán. Wọ́n rí Wiebke, tó ga jù wọ́n lọ, tó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n lọ. Èkejì wọn, Joachim Brandt ará Hamburg, tilẹ̀ sọ lójú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pé bí wọ́n bá yọ ìyàwó kúrò nínú àdéhùn náà, kíá lòun máa padà. Àwọn ará ọjà ẹja fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ìgbà yẹn ni Wiebke pinnu pé òun ni yóò máa kọ́kọ́ rí ẹni tó bá wá, ló bá gba iṣẹ́ ẹlẹ́wìrì.

Nígbà tí Kaspar tẹ orin tán, inú rẹ̀ dùn débi pé ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. "Wọ́n ní ọmọ Bàbá Lohse ń bá dùùrù yìí lọ bí ìdérí ṣe ń bá ìkòkò lọ. Kò burú! Bí ojú rẹ̀ kò bá wù mí, màá máa wo dùùrù."

Ó tún tẹ orin, fèrè kan ṣoṣo ló dún, òun náà ké bí ọmọ ológbò, ó sì kú.

"Kí ló dé?"

"Ó rẹ̀ mí," ni Wiebke wí.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Kaspar rí obìnrin gíga kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, tí irun rẹ̀ ti yọ kúrò lábẹ́ fìlà. "Kí... kí lorúkọ yín?"

"Ẹ ti pè é tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́wìrì."

Àárọ̀ gbogbo ni wọ́n ń pàdé lẹ́yìn ìyẹn. Wiebke a mú búrẹ́dì dúdú àti ẹja yíyan wá, wọn a jẹ ẹ́ lórí àtẹ̀gùn. Ó fi fèrè tó máa ń yarí nígbà òjò hàn án. Kaspar sọ fún un nípa ilé eré orin tuntun ní Hamburg, níbi tí àwọn olówó ti ń jẹ èso bí àwọn òṣèré tó múra bí òrìṣà àwọn Gíríìkì ti ń fi orin sunkún lójú wọn.

"Kí ló dé tí ẹ kò dúró sọ́hùn-ún?"

"Aṣọ olórin ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Níbí, gbogbo ìlú ló ń kọrin, ẹlẹ́ja àti olówó. Èmi á kàn wà lábẹ́ ohùn wọn, bí omi ṣe ń wà lábẹ́ ọkọ̀."

Wiebke gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Òun náà mọ orin tẹ̀, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ lórí dùùrù kékeré inú ilé, ṣùgbọ́n obìnrin kì í tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì nílùú wa. Kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó wà lọ́kàn òun báyẹn rí. Ní ti Kaspar, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa agogo nígbà tí kò nílò afẹ́fẹ́, kó ṣáà lè gbọ́ kí Wiebke jágbe mọ́ ọn pé, "Kí tún ni?"

Ọjọ́ tí Bàbá Lohse pe àlejò wá jẹun ni àṣírí tú. Wiebke ló ṣílẹ̀kùn, abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹlẹ́wìrì mi!" Kaspar fò sókè. "Ṣé ọmọ yín nìyí, Bàbá? Ó parí! Òun gan-an ni mo fẹ́!"

Wiebke gbé abọ́ kalẹ̀. "Dùùrù lẹ fẹ́," ló wí, ó sì jáde sẹ́yìn ilé. Kaspar sá tẹ̀ lé e.

"Ọ̀rọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn? Ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe, Wiebke!"

"Mo mọ̀. Ẹ̀fẹ̀ náà ni gbogbo ọjà ẹja ń ṣe." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Bí mo bá gbà, títí màá fi kú, n kò ní mọ̀ bóyá èmi lẹ fẹ́ tàbí fèrè."

Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn.

Kaspar rìn títí lórí odi èbúté. Lẹ́yìn náà, ó lọ kan ilẹ̀kùn pásítọ̀ wa. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kéde ìgbéyàwó èmi àti Wiebke lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, kí ìdánwò tí wọ́n fi ń yan atẹdùùrù tó wáyé."

Pásítọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé orí rẹ pé? Bí ọmọ náà bá ti ní ọkọ, ìgbìmọ̀ lómìnira láti fi dùùrù fún ẹni tó wù wọ́n nìyẹn. Brandt á sáré padà wá."

"Ẹ jẹ́ kó wá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi Wiebke léèrè. Kò sẹ́ni tó bi í rí."

Nígbà tí Wiebke gbọ́, ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kaspar jókòó sídìí dùùrù, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ń tẹ orin tí kò dún.

"Bí ẹ bá pàdánù dùùrù yìí ńkọ́? Inú irà lẹ máa ti máa kọ́ ọmọ àgbẹ̀ ní A-B-D o."

"Ṣé wàá bá mi lọ síbẹ̀, olólùfẹ́ mi?"

Wiebke gbé bàtà náà fún un. "Wọ bàtà rẹ ná," ló wí. "Òtútù kò gbọ́dọ̀ pa ẹni tó máa fẹ́ mi." Ìgbà yẹn ló tó fẹnu kò ó lẹ́nu.

Bàbá Lohse sunkún nígbà tí wọ́n sọ fún un. Yàrá òkè ilé náà yóò ṣì jẹ́ tirẹ̀ títí ayé, ìgbìmọ̀ ti ṣèlérí. "Láti ìgbà tí ọwọ́ mi ti gan ni mo ti ń fi ọ́ san owó ilé," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Wiebke di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

Wọ́n kéde wọn, àwọn ará ọjà ẹja sì dẹ́kun yẹ̀yẹ́ wọn. Brandt padà wá lóòótọ́. Lọ́jọ́ ìdánwò, Wiebke ló tẹ ẹwìrì fún àwọn méjèèjì, kò sì dín afẹ́fẹ́ ẹnikẹ́ni kù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: Brandt dára ju Kaspar lọ. Òun ni ìgbìmọ̀ mú, Kaspar ló sì kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó dùn ún o. Ó dúró, ó wo àwọn fèrè yẹn fún ìgbà ìkẹyìn, kó tó lè yíjú kúrò.

Abúlé kan nínú irà ló ti rí iṣẹ́, tíṣà àti atẹdùùrù lẹ́ẹ̀kan náà, dùùrù kékeré tó jẹ́ pé eku ti jẹ awọ ẹwìrì rẹ̀ ni wọ́n ní. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ló gbé Bàbá Lohse wá, wọ́n fi aṣọ òtútù wé e. Nígbà tí àlùfáà súre fún wọn tán, ó kéde orin ìkẹyìn, gbogbo ìjọ sì gbójú sókè síbi dùùrù. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Atẹdùùrù abúlé náà ló dúró níwájú pẹpẹ yìí, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Nínú gbogbo ètò tí wọ́n ṣe, kò sẹ́ni tó rántí ìyẹn.

Kaspar wo Wiebke. "Ìwọ lọ tẹ̀ ẹ́. Èmi á bọ́ sórí ẹwìrì."

"Obìnrin kì í..." ni alàgbà ìjọ kan bẹ̀rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ni Bàbá Lohse wí láti ìjókòó rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó lọ."

Wiebke gun òkè lọ pẹ̀lú adé ìyàwó lórí. Kaspar bọ́ bàtà tuntun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gùn lọ sẹ́yìn dùùrù. Wiebke nawọ́, ó fa okùn agogo.

"Kí tún ni?" ni ọkọ rẹ̀ jágbe láti ẹ̀yìn, gbogbo ìjọ sì bú sẹ́rìn-ín.

"Afẹ́fẹ́, ọkọ mi," ni Wiebke dáhùn.

Kaspar sì fẹsẹ̀ tẹ ẹwìrì mọ́lẹ̀.